Ilé Ìwẹ̀ Tó Ṣẹ́ Làsísì Léegun Ìhà

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún tí eegun ìhà méjì ti ṣẹ́ lára Làsísì ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ó ní ìhà. Wọ́n sì rántí rẹ̀ tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, tòun ti ìdérí, pupa mẹ́ta, búlúù mẹ́ta, wọ́n kì wọ́n bọ inú ara wọn, wọ́n fi okùn so wọ́n. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì ni, a ò kúkú lè retí kí wọ́n fa màlúù wá. Àmọ́ ọkùnrin tí dókítà sọ fún pé kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo ju ife omi lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi kí i kú ewu.

Sùlíyá, ìyàwó rẹ̀, ló gba ẹrù náà. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, ẹ̀wà tí yóò gbé lọ tà ní ìkóríta Ọgbà lọ́jọ́ kejì. Bó ṣe gbé àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì náà sókè, ó rí i pé èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ti sán láti ẹnu dé ìdí. Ó mọ̀ pé èyí tí àwọn oníbàárà kọ̀ ni. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó sì gbé e wọlé.

Moses ló gbé e wá. Kọ́ńtírákítọ̀ kan ló ń bá ilé iṣẹ́ náà wá àwọn káṣúà, Moses ló sì ń bójú tó wọn. Káṣúà ni ẹni tí wọ́n ń mú lẹ́nu géètì láràárọ̀, tí wọ́n ń sanwó ọjọ́ kan fún, tí wọn kò fún níwèé kankan. Ọdún keje rèé tí Làsísì ti wà lẹ́nu géètì náà. Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ fún un pé ọdún tó ń bọ̀ ni òun náà yóò gba ìwé iṣẹ́ gidi. Ọdún tó ń bọ̀ kò yẹsẹ̀ rí, ó ṣáà ń bọ̀ ni.

Làsísì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbá ìrọ̀rí mọ́ àyà. Dókítà ló ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbàkigbà tí ikọ́ bá ń gbọ̀n ọ́n. Dókítà náà ló ní kí wọ́n má ṣe fi nǹkan kan di àyà rẹ̀, kó máa mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ má baà bàjẹ́, kó sì má ṣe gbé ẹrù, torí pé eegun tó ṣẹ́ náà ní ẹnu, bí wọ́n bá fòòró rẹ̀, ó lè gún ẹ̀dọ̀fóró. Mímí yìí ni Làsísì kórìíra jù. Ó ń dùn ún débi pé tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, bí ẹyẹ ni yóò máa mí. Sùlíyá ló ń dúró tì í, tó ń kà á fún un bí olùkọ́ ilé kéú.

"Brọ̀dá Làsísì, ara ti ń le?" ni Moses wí. "Gbogbo wa la ń béèrè yín o. Mánéjà pàápàá béèrè yín."

"Mo dúpẹ́, Ọ̀gá Moses."

Moses yọ ìwé kan nínú fáìlì. "Ìwé kékeré kan rèé. Ọ́fíìsì ló fẹ́ ẹ. Ẹ kàn sáìn síbí, ká lè di àyè yín mú títí ara yín á fi yá."

Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Làsísì kà á, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, nígbà tó kà á tán, ó nà án padà sí Moses. Sùlíyá ní kí Ọ̀gá Moses jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun túmọ̀ rẹ̀. Moses wúkọ́. Òun lè wúkọ́ bó ṣe wù ú.

"Ohun tó wà níbẹ̀ ò ju pé, èmi Làsísì, ẹsẹ̀ mi yọ̀ nínú ilé ìwẹ̀ ilé tí mò ń gbé, mo ṣubú, mo fi ìhà gbálẹ̀."

"Ilé ìwẹ̀ wo?"

"Ti inú ilé yìí náà, Màmá."

Sùlíyá wo ojú rẹ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni irin ńlá tí wọ́n fi ń mọ bọ́kẹ́ẹ̀tì já lára ṣéènì, tó fì, tó sì fún Làsísì mọ́ ẹ̀rọ. Dírẹ́bà ilé iṣẹ́ ló gbé e dé ọsibítù. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn ló ń béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí a kì í kí aláìsàn ká má béèrè. Sùlíyá ti ròyìn irin àti ṣéènì náà títí ó fi mọ̀ ọ́n ju ẹni tó rọ ọ́ lọ. Àwọn ọmọdé inú ilé ti sọ ọ́ di eré: ọ̀kan á ṣe irin, ọ̀kan á ṣe Làsísì, Bàbá Màrdíyyàh, èyí tó bá kéré jù á máa sunkún bíi Sùlíyá. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ dunjú, ọ́fíìsì kò mọ̀ ọ́n.

"Òní lọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún," ni Moses wí, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí àánú ń ṣe. "Káṣúà tí wọn ò bá rí títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó ti lé ara rẹ̀ nìyẹn. Agogo mẹ́rin ni ìwé orúkọ ń wọlé. Bẹ́ẹ̀ bá sáìn, ẹ wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ò bá sáìn, ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀ o." Ó dìde, ó ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn díẹ̀ níta, kí tọkọtaya lè gbèrò.

Bó ṣe jáde ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Ìjà wúyẹ́wúyẹ́ ni, torí dókítà ní Làsísì kò gbọdọ̀ pariwo, Sùlíyá náà kò sì fẹ́ kí Ìyá Uswat tó wà ní yàrá kejì gbọ́. Ìyá Uswat ti yára pa rédíò rẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa.

"Ẹ fẹ́ sáìn ín," ni Sùlíyá wí.

"Kí ni kí n ṣe?"

"Irọ́ ni."

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Èmi nirin fún, kì í ṣe ìwọ."

"Tí eegun yẹn bá wá gún yín ní ẹ̀dọ̀fóró lọ́la, ta la fẹ́ lọ bá? Ilé ìwẹ̀?"

Làsísì fara balẹ̀ mí. "Ọdún méje, Sùlíyá. Bí orúkọ mi bá kúrò níbẹ̀, kí la ó máa jẹ?"

"Ẹ̀wà."

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó rántí ìhà rẹ̀, ó gbá ìrọ̀rí mọ́ra, omi lé ròrò sí i lójú. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Wọ́n ní àwọn á di àyè mi mú títí ara mi á fi yá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù. Ohun tí mo fẹ́ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí n sinmi, kí iṣẹ́ má lọ."

Inú ń bí Sùlíyá, àmọ́ kì í ṣe sí ọkọ rẹ̀. Ọdún méje yẹn ló ń bí i nínú, àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tó sán yẹn. Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Làsísì ránṣẹ́ pe Moses wọlé. Ó mú bírò, àmọ́ ó rí i pé ìwé náà ní àyè ẹlẹ́rìí, àgbàlagbà kan nínú ilé. Làsísì sì jẹ́ ọmọlúàbí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní òun kò lè kọ orúkọ òun ṣáájú àgbà, kí Alàájì fọwọ́ sí i ná. Moses náà ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Gbogbo wàhálà tó tẹ̀ lé e, ẹ̀kọ́ ilé ló fà á.

Alàájì Sàláwù ni onílé. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ní Orílé-Agége, bàbá wọn ló sì kọ́ ilé náà nígbà tí igbó ṣì kún ibi tí ilé iṣẹ́ kún báyìí. Yàrá mẹ́wàá, ilé ìwẹ̀ kan. Omi ti jẹ ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ ọ̀hún, ó sì ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ọdún mẹ́rin ni àwọn ayálégbé ti ń bẹ Alàájì pé kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì sí i. Alàájì a ní kí oníwẹ̀ rọra máa wẹ̀, ìwẹ̀ kì í ṣe ijó.

Alàájì wọlé tàwọn ti fìlà, wọ́n fi awò sójú, wọ́n mú bírò tiwọn lọ́wọ́. Ó wu Alàájì púpọ̀ kí wọ́n máa jẹ́rìí sí nǹkan. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," ni wọ́n wí bí wọ́n ṣe ń jókòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kọ́ ló ń dun ẹnikẹ́ni níbẹ̀. "Kí la kọ síbẹ̀?"

Moses tún un túmọ̀. Nígbà tó dé ibi ilé ìwẹ̀, Alàájì dé bírò wọn padà.

"Ilé ìwẹ̀ ta?"

"Ti ilé yìí, sà."

"Ilé ìwẹ̀ tí bàbá mi kọ́ lo fẹ́ kí n fọwọ́ ara mi kọ pé ó ń ṣẹ́ èèyàn léegun? Kí àwọn ará ìjọba ní Aláúsá gbọ́, kí wọ́n wá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri mi?"

"Fọ́ọ̀mù lásán ni, Alàájì."

"Irọ́ lásán ni. Gbogbo Agége ló mọ̀ pé ibi iṣẹ́ yín nirin ti fún un. Dírẹ́bà yín ló gbé e lọ sí ọsibítù. Ìyá Uswat!"

Ìyá Uswat ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó pè é tán.

"Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti ṣubú nínú ilé ìwẹ̀ mi rí?"

"Èmi ṣubú níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì Iléyá, Alàájì."

"O ṣubú. Ṣé eegun rẹ ṣẹ́?"

"Kò ṣẹ́, sà."

"Ẹ gbọ́ ọ," ni Alàájì wí fún Moses. "Kò ṣẹ́."

Sùlíyá kúnlẹ̀ níbi tó wà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì, òtítọ́ rí agbẹjọ́rò, agbẹjọ́rò náà sì dé fìlà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Alàájì, ẹ ó dàgbà." Làsísì rọra gbé bírò sílẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Bí Alàájì bá lè bá wọn délé iṣẹ́ lọ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí níwájú mánéjà, ta ló mọ̀?

Àmọ́ òtítọ́ Alàájì kò gùn tó bẹ́ẹ̀. "Ẹ ní orí ọ̀kadà ló ti já bọ́," ni wọ́n wí. Moses ní bó bá jẹ́ ọ̀kadà, àwọn ọ́fíìsì á béèrè ìwé ọlọ́pàá. Ìyá Uswat ní kí wọ́n kọ gọ́tà iwájú ilé. Alàájì wò ó títí ó fi wolẹ̀, wọ́n ní gọ́tà náà, tàwọn ni. Ìyá Uswat ní Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́, ṣé kò sí igi máńgòrò nílé bàbá Làsísì ni? Moses ronú sí ti igi máńgòrò náà díẹ̀, ó ní wọ́n á bi í pé ta ló fún un láyè lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ iṣẹ́. Báyìí ni wọ́n ń gbé eegun ìhà Làsísì kiri bí ààtàn tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ kí wọ́n dà sójúde òun. Ẹni tó nìhà jókòó láàárín wọn, ó ń gbé ojú láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ibi tó ti ṣẹ́.

Moses wo agogo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rí ara wa níta."

Wọn ò pẹ́ rárá. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, Alàájì ti rántí nǹkan.

"Ní tòótọ́," ni wọ́n wí, "ilé ìwẹ̀ yẹn ń yọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pariwo rẹ̀."

Moses ní ilé iṣẹ́ yóò fún Alàájì ní àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta àti bíríkìlà, lónìí olónìí, kí irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ sí òṣìṣẹ́ àwọn mọ́. Ó sì fi dá Alàájì lójú pé inú fáìlì nìkan nìwé náà máa wà, Aláúsá kò ní fojú kàn án. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àpò mẹ́ta ni wọ́n rà á lọ́jọ́ náà.

Alàájì ṣí bírò, wọ́n kọ orúkọ gbàgàdà, wọ́n fa ìlà méjì sí i nídìí. Moses ní òun nílò fọ́tò ilé ìwẹ̀ náà kí ìwé lè pé, Alàájì sì ṣáájú rẹ̀ lọ síbẹ̀. Alàájì fúnra wọn ló bu omi ọṣẹ, tí wọ́n dà á sílẹ̀ kó lè dán dáadáa nínú fọ́tò. Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù.

Làsísì wo Sùlíyá. Sùlíyá wo ẹ̀wà. Ọkùnrin náà tẹ̀ síwájú, ìhà gún un, ó fi eyín di ètè, ó sáìn.

"Ìyá Màrdíyyàh, ẹ má fajú ro," ni Ìyá Uswat wí nígbà tí Moses ti lọ tán. "Ọlọ́run ló ń fi ibi ṣe rere. Ẹ wo ilé ìwẹ̀ tá a ti ń sunkún lé lórí láti ọdún mẹ́rin. Bí ọkọ yín ò bá ṣèṣe, ta ni ìbá bá wa tún un ṣe?" Ó wá wo àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì náà. "Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí náà lẹ fẹ́ lò?"

Sùlíyá fún un ní èyí tó wà nísàlẹ̀. Ìyá Uswat súre fún un títí ó fi wọ yàrá rẹ̀.

Àwọn bíríkìlà dé lẹ́yìn ìrun Àìlà. Ilé iṣẹ́ tí kò rí ọkọ̀ tó máa gbé Làsísì lọ ya fọ́tò àyà ẹ̀ẹ̀kejì rí ọkọ̀ gbé sìmẹ́ńtì. Wọ́n gé ibi tí omi ti jẹ, wọ́n dà á, wọ́n fi ọwọ́ pa á bí ìgbà tí wọ́n ń fi àdí pa ọmọ tuntun lára. Ìrun Àlásárì kò tíì tó nígbà tí wọ́n parí. Ọ̀gá wọn pe Alàájì, ó sì kìlọ̀ fún wọn gidigidi.

"Ọjọ́ méje, Alàájì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kó má baà sán."

Alàájì gbé bẹ́ǹṣì gígùn jáde látinú pálọ̀ wọn, wọ́n fi dí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Wọ́n pe gbogbo ilé jọ. Wọ́n ní kí kálukú máa lọ wẹ̀ lẹ́yìn ògiri títí ọjọ́ méje á fi pé, ẹni tí adìyẹ rẹ̀ bá gun orí sìmẹ́ńtì náà, kó gbà pé adìyẹ ti di ẹran ọbẹ̀. Wọ́n gbé àga tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n sì jókòó tì í.

Agogo márùn-ún kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù Làsísì dún. Ó ka ohun tó wọlé, ó tún un kà, ó nà án sí Sùlíyá. Moses ló kọ ọ́. Ó kí wọn fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn. Ó ní àwọn ọ́fíìsì ti rí ìwé náà, ó sì dùn mọ́ wọn nínú pé ilé ìwẹ̀ ló ti ṣubú, torí ẹni tó bá ṣubú nílé ìwẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ti tó o. Kí Brọ̀dá Làsísì wọṣẹ́ ní Mọ́ńdè, agogo mẹ́fà àárọ̀. Iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọn yóò fún un.

"Kí ni iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́?" ni Sùlíyá béèrè.

"Kí n máa gbé àpò hóró ike sídìí ẹ̀rọ," ni Làsísì dáhùn. "Kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré."

Wọn ò ja ìjà kankan mọ́. Làsísì ní, "Ọ̀já tó o fi pọn Màrdíyyàh, ṣé ó ṣì wà?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Bó o bá bá mi dì í le dáadáa lábẹ́ ẹ̀wù, wọn ò ní mọ̀. Mo lè fara dà á."

Sùlíyá kò sọ pé dókítà ní kí wọ́n má di àyà rẹ̀. Làsísì wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà ń sọ ọ́. Sùlíyá dìde, ó jáde, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá dúró níbẹ̀, òun á bá a wá ọ̀já náà.

Alàájì ń wọ́n omi lọ́wọ́. Wọ́n fi ìka bu omi nínú abọ́, wọ́n ń fọ́n ọn sórí sìmẹ́ńtì díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ wò ó bóyá ibì kan ti fẹ́ sán.

"Rọra kọjá, Sùlíyá," ni wọ́n wí. "Kò tíì gbẹ. Téèyàn bá kánjú tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó máa là, kò sì ní ṣe é tún ṣe mọ́."

Sùlíyá dúró. "Ọjọ́ mélòó lẹ ní, Alàájì?"

"Méje."

"Kó má ṣe nǹkan kan?"

"Kí ló fẹ́ ṣe? Kó ṣáà sùn síbẹ̀ ni. Ìsinmi ló fi ń le."

Ó wo Alàájì, ó wo abọ́ omi ọwọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ bẹ́ǹṣì gígùn náà, ó gbé e.

"Níbo lo ń gbé bẹ́ǹṣì mi lọ?"

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ ṣì lè fi àga yín dí tiyín. Tiyín ọjọ́ méje ni, tèmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù."

Ó gbé e la ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, Alàájì ń pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn, ilẹ̀kùn ń ṣí ní ọ̀tún àti ní òsì. Ó fi dí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn láti ògiri dé ògiri. Ó jókòó sí i, ó kẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀, ó gbé abọ́ ẹ̀wà lé itan.

"Sùlíyá," ni Làsísì wí látinú yàrá. "Ọ̀já náà ńkọ́?"

"Ẹ mí."

"Mo ní ọ̀já."

"Mo gbọ́. Ẹ mí kanlẹ̀."

Làsísì mí, ó dùn ún, ó rọra tú u sílẹ̀.

"Ení," ni Sùlíyá wí, ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.